Ohun tí Ọjọ́ Orí Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀ Nínú Rẹ̀

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, gbólóhùn kan wà tí a fi ń pa ẹnu ọ̀rọ̀ dé bí ara àgbàlagbà kò bá yá: "Ọjọ́ orí ni." Orúnkún ń ro Màmá, ọjọ́ orí ni. Bàbá ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, ọjọ́ orí ni. Ìyá àgbà kò mọ ọ̀nà ilé mọ́ láti ìsọ̀ tó ti ń tajà láti ogún ọdún, ọjọ́ orí náà ni. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Orúnkún lè jẹ́ ti ọjọ́ orí lápá kan. Ìtọ̀ òru lè jẹ́ ti próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, tàbí ti àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ọ̀nà tó ń rìn lójoojúmọ́ bá dàrú mọ́ lójú, àìsàn ló ń ṣe é. Bí a bá pe gbogbo wọn ní orúkọ kan, èyí tó ní ìtọ́jú á bá èyí tí kò ní lọ, ẹni tó yẹ kó tún gbádùn ọdún mẹ́wàá á sì jókòó sí kọ̀rọ̀ máa retí ikú. Ó yẹ ká mọ èyí tí ọjọ́ orí ṣe gan-an, ká sì mọ èyí tí a kàn dì lé e lórí.

Iṣan ara ni kí a kọ́kọ́ wò, torí òun ló ń lọ láìdágbére. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 30 ló ti ń dín kù, bíi 3 sí 8 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, tó bá sì ti ré kọjá 60, ó ń yára sí i. Agbára inú rẹ̀ tún ń yára lọ ju títóbi rẹ̀ lọ. Àwọn okùn iṣan tó ń ṣiṣẹ́ kíá, àwọn tí ọpọlọ ń pè lójijì bí ẹsẹ̀ bá kọ òkúta, ló ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó wà fún dídúró àti rírìn jẹ́jẹ́ ń pẹ́ lẹ́yìn wọn. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà tó lè rìn láti Òkè-Àró dé Ọjà Ọba láìsinmi fi lè kọsẹ̀ lára àtẹ̀gùn kékeré kan, tí kò sì ní rí ara rẹ̀ gbà mú kó tó dé ilẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti wọn agbára ẹsẹ̀ nílé tí kò gba kọ́bọ̀. Ẹ wá àga tí kò ní apá, tó le, tí ìjókòó rẹ̀ ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 43. Àpótí ìdáná ti kéré jù, àga tìmùtìmù inú pálọ̀ sì ń rì. Ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri kó má baà yọ̀. Kí ẹni tí ẹ fẹ́ wò jókòó sí àárín rẹ̀, kó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó fi ọwọ́ ọ̀tún di èjìká òsì mú, kó fi tòsì di tọ̀tún. Kí ẹlòmíràn wo aago. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ìgbà mélòó ló lè dìde dúró tán pátápátá kó sì tún jókòó? Bó bá fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, òdo ni ẹ ó kọ sílẹ̀. Láti ọdún 60 sí 64, ọkùnrin tí kò tó 14 àti obìnrin tí kò tó 12 wà nínú ewu ìṣubú. Láti 70 sí 74, ọkùnrin tí kò tó 12, obìnrin tí kò tó 10. Ẹni tí àyà ń dùn tàbí tí òòyì ń kọ́ kó má dán an wò.

A máa ń fi ìfẹ́ ba iṣan àwọn òbí wa jẹ́. Bàbá tó ti ń ro oko kòkó láti kékeré, bó bá ti pé ọdún 65, àwọn ọmọ á ní, "Bàbá, ẹ ti ṣe tó, ẹ jókòó." Wọ́n á ra tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ra àga tó rọ̀. Ẹ wo ohun tí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ń ṣe: nígbà tí àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 gbáko, iṣan ẹsẹ̀ tí wọ́n pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Ọjọ́ 10 péré, àwọn tí kò ṣàìsàn. Kí wá ni ti ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Gígun igi àti gbígbé àpò ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ Bàbá. Ẹ fi ríro ẹ̀gbẹ́ ilé, sísá kòkó àti rírìn lọ sóko sílẹ̀ fún un.

Kò sì sí ọjọ́ orí tí iṣan kì í gbọ́ràn sí ẹni tó bá kọ́ ọ. Dídìde-jókòó yẹn kan náà, ìgbà mẹ́wàá, kó sinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì, kó tún ṣe é, kó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó fo ọjọ́ kan láàárín. Lẹ́yìn náà, kó fi ọwọ́ kan ògiri, kó gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè kó dúró lórí ìka ẹsẹ̀, ìgbà mẹ́wàá. Kó wá fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó pààrọ̀ sí èkejì, ògiri wà nítòsí. Bí èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́wàá kò bá nira díẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì tó. Kó gbé ike omi lítà kan dání nígbà tó bá ń dìde.

Oúnjẹ ló kù. Àgbàlagbà nílò purotéènì tó gírámù 1 sí 1.2 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Ẹni tó wọn kílò 60 nílò 60 sí 72. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le fún àwa tí a kì í ka nǹkan mìíràn sí oúnjẹ lẹ́yìn iyán. Iyán gírámù 400 kò ní ju gírámù 6 purotéènì lọ, iye tó wà nínú ẹyin kan ṣoṣo. Ohun tó bá iyán wá ló ń tún ara ṣe, ibẹ̀ gan-an ni àgbàlagbà sì ti ń dín kù: eyín ti yọ, ẹran ń le, ó ti gbé tirẹ̀ fún ọmọ-ọmọ. Ẹ fọ́ ẹja sínú ẹ̀gúsí rẹ̀. Gírámù 100 ẹja ní nǹkan bí 20. Ife ẹ̀wà sísè kan ní nǹkan bí 15, ẹyin méjì ní 12. Ó dáa kó pín in sí ìgbà mẹ́ta, bíi 25 lẹ́ẹ̀kan, torí iṣan àgbà kì í dá purotéènì díẹ̀ lóhùn bíi ti ọ̀dọ́. Tíì àti búrẹ́dì láàárọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ògì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin sàn jù ú lọ. Ẹni tí àrùn ti mú kíndìnrín rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bi dókítà.

Imú àti ahọ́n pẹ̀lú ń kú díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ìyá àgbà tó ń se ọbẹ̀ á máa wúwo lórí iyọ̀ àti magí láìmọ̀. Gírámù 5 iyọ̀ lóòjọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èèyàn má kọjá. Ìyẹn jẹ́ ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, ti inú magí àti ti inú búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀.

Ọkàn ńkọ́? Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 600. Bí ọmọ ogún ọdún bá ń sáré gùn ún, ọkàn rẹ̀ lè lù tó ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ẹni 70 kì í sábà kọjá nǹkan bí 150, bó ti wù kó gbìyànjú tó, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lè pọ̀ tó ti ọmọ yẹn. Kó máa dúró mí lójú ọ̀nà, ti ọjọ́ orí ni. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa wú, kí èèyàn má lè sùn gbalaja àfi kó to ìrọ̀rí mẹ́ta léra, kó máa jí lóru bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ọjọ́ orí kò mọ̀ nípa ìyẹn. Ọkàn tó ń kùnà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, oògùn sì wà fún un.

Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ń le bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fi ń gòkè lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 55, tí ti ìsàlẹ̀ sì ń wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún Màmá pé 165 lórí 75 ni tirẹ̀, àwọn kan á ní kó má dààmú torí pé ti ìsàlẹ̀ dára. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Nọ́ńbà òkè yẹn ló ń fa rọpárọsẹ̀ jù ní ọjọ́ orí yìí, bó bá sì ti dé 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ dé 90, ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ní ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì kò tọ́, ó sì ń sọ ẹni tí kò ṣàìsàn di aláìsàn. Màmá kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó fẹ́ tọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn, wọ́n di bẹ́líìtì náà lé apá bùbá, wọ́n ń bi í léèrè ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó, ẹ̀rọ sì ń ka. Ìkọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lè fi kún nọ́ńbà náà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: kó lọ tọ̀, kó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà ní ìhòòhò lórí tábìlì tó ga tó àyà. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un wọ̀n, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bó bá sanra lápá, ẹ bèèrè bẹ́líìtì ńlá, torí kékeré ń purọ́ sókè. Fún ẹni tí òòyì ń kọ́ bó bá dìde, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tó bá ti dúró fún ìṣẹ́jú kan, àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí ti òkè bá já wálẹ̀ tó 20, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 10, ẹ̀jẹ̀ kò tètè ń gòkè dé orí nìyẹn. Ó lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìmu omi tó ló fà á, dókítà sì lè tún oògùn náà tò.

Èyí mú wa dé ìṣubú. Nínú ẹni mẹ́ta tó ti lé ní 65, ó tó ẹnìkan tó ń ṣubú lọ́dún. Egungun obìnrin ló sì ń wà nínú ewu jù: lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá, láàárín ọdún 45 sí 55 fún ọ̀pọ̀ jù lọ, egungun á máa fúyẹ́ kíákíá fún ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ilẹ̀ balùwẹ̀ tó ń yọ̀, bàtà sìlípáàsì tí kò di gìgísẹ̀ mú, iná tí kò sí lóru: ibẹ̀ ni ìṣubú ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kí wẹ́dà tó ń jó irin mọ páìpù irin mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá tàbí àga ìgbọ̀nsẹ̀, ní gíga sẹ̀ǹtímítà 85 sí 90. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kékeré sábẹ́ ìrọ̀rí. Bó bá fẹ́ dìde lóru, kó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kó mi ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kó tó dìde.

Bó bá sì ṣubú, tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹsẹ̀ yẹn kúrú ju èkejì lọ, tí ìka rẹ̀ kọjú síta, ọrùn egungun itan ló sábà máa ń kán. Ẹ má fà á, ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Mo mọ̀ pé àwọn teguntegun wa ní ọgbọ́n lórí apá ọmọdé tó kán, ṣùgbọ́n ibi yìí wà nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kéré, dídì kò lè mú un. Iṣẹ́ abẹ ló ń gbé onítọ̀hún dìde, bó bá sì ṣeé ṣe láàárín ọjọ́ kan sí méjì ló dára jù. Ìdùbúlẹ̀ gan-an ló ń pa wọ́n: òtútù àyà, ọgbẹ́ ìdí, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan.

Ojú kò gbọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti 40 sí 45, awò inú ẹyinjú á le, kò ní lè tẹ̀ mọ́ láti wo ohun tó wà nítòsí, awò ojú ìkàwé lásán ló ń tán an. Ọmọlójú náà ń kéré, tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni 60 fi tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ẹni 20. Ẹ fi gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa síbi tí Bàbá ti ń ka Bíbélì tàbí Kùránì. Àmọ́ àrùn ojú méjì kan wà tó yàtọ̀ sí ìyẹn. Kataráàtì ń sọ awò inú ẹyinjú di funfun, iṣẹ́ abẹ sì lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́, kì í sábà dun èèyàn, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ń jẹ wọlé, ohun tó bá sì ti jẹ kì í padà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ti pé 40, pàápàá tí òbí rẹ̀ fọ́jú, kó lọ wọn ìfúnpá ojú. Oògùn ojú tí kẹ́míìsì ń tà fún ojú pupa, bó bá ní steroid (oògùn tó ń mú wíwú àti pípọ́n wálẹ̀) nínú, tí èèyàn ń lò ó fún oṣù púpọ̀, lè fa àrùn méjèèjì.

Etí ló ń dùn mí jù, torí ìjà ló ń dá sílẹ̀ nínú ilé láìnídìí. Ìró tó tínrín ni etí àgbà kọ́kọ́ ń pàdánù. Fáwẹ̀lì àti ohùn òkè-òun-ìsàlẹ̀ èdè wa wà lápá ìró tó nípọn, wọ́n ń pẹ́ nínú etí. Kọ́ńsónáǹtì bíi f, t, k, s àti ṣ ló wà lápá tó tínrín. Ẹ wá pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ẹ̀fọ́, ẹ̀kọ́, ẹ̀tọ́, ẹ̀ṣọ́. Ohùn kan náà ni, fáwẹ̀lì kan náà ni. Ẹ ní, "Màmá, ẹ bá wa ra ẹ̀fọ́". Màmá gbọ́ orin ọ̀rọ̀ náà tán, lẹ́tà kan ṣoṣo tó yà á sọ́tọ̀ ni kò dé etí rẹ̀, ó sì mú èyí tó bá wá sọ́kàn. Ẹ̀yin á rò pé kò fọkàn sí yín. Òun á rò pé ẹ̀ ń kùn sínú. Ẹ wá pariwo, ariwo sì ń sọ fáwẹ̀lì di ńlá láìmú f yàtọ̀ sí k, ó tún ń dà bí ìbínú.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ pa rédíò, kí ẹ wá síwájú rẹ̀ ní bíi mítà kan, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú yín kó lè rí ètè yín, kí ẹ pè é kó kọ́kọ́ wo yín, kí ẹ wá sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ má tún gbólóhùn yẹn kan náà sọ, ẹ fi kún un: "Màmá, ẹ bá wa ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a ó fi jẹ iyán lálẹ́." Ọ̀rọ̀ tó yí i ká á ràn án lọ́wọ́. Kí ẹ tó gbà pé etí ti lọ, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo inú rẹ̀, torí ìdọ̀tí etí tó gan lè dí i pa. Ìyẹ́ adìyẹ àti òwú orí igi á kàn máa tì í wọlé ni. Bí etí kan bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹ sáré lọ síléèwòsàn. Ẹni tó sì lo ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ ìlọta tàbí ẹ̀rọ ìlàgi, ariwo ló jẹ etí rẹ̀; ọjọ́ orí kàn bá a níbẹ̀ ni.

Omi ara náà ń dín kù: nínú ọ̀dọ́mọkùnrin ó tó 60 nínú 100, nínú arúgbó ó súnmọ́ 50. Òǹgbẹ kì í sì gbẹ àgbà tó bó ṣe yẹ. Ní àkókò ọyẹ́, ẹnu á gbẹ, ìtọ̀ á pọ́n bí ọtí bíà, orí á sì dàrú, síbẹ̀ kò ní béèrè omi. Lóòjọ́, obìnrin nílò ohun mímu bíi lítà 1.6, ọkùnrin bíi 2, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ta sí mẹ́rin, àyàfi tí dókítà bá ti dín in kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Kíndìnrín tó ti ń rẹ̀wẹ̀sì pẹ̀lú ọjọ́ orí ló tún yẹ kó gbé oògùn jáde kúrò lára. Oògùn tí ẹni 30 lò tí kò ṣe é ní nǹkan kan lè pẹ́ lára ẹni 75 di ọjọ́ kejì. Diclofenac àti ibuprofen, tí a ń lò bí ẹ̀pà fún orúnkún, ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ń ba kíndìnrín jẹ́, ń dá ọgbẹ́ sínú. Piriton àti àwọn oògùn èhún tó ń múni sùn lè dí ìtọ̀, lè da orí rú. Diazepam, oògùn tó ń múni sùn, lè mú àgbà ṣubú lóru. Àgbo tí a rẹ sínú ọtí wà láyè tirẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀, ti dókítà, ti kẹ́míìsì, ti aláàgbo, sínú náílọ́ọ̀nù kan, ẹ gbé e lé tábìlì dókítà, ẹ bi í pé, "Èwo ni kí a dá dúró?"

Ní ti ìtọ̀, próstéètì ọkùnrin ń tóbi pẹ̀lú ọjọ́ orí, ìtọ̀ á máa wá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, á máa kán lẹ́yìn tó bá tán. Oògùn wà. Bí ìtọ̀ kò bá jáde rárá fún wákàtí mélòó kan, tí ikùn ìsàlẹ̀ ń wú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la. Obìnrin tí ìtọ̀ ń já mọ́ lára bó bá wúkọ́ lè fún ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìsó dúró, kó dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kó tú u fún 5, ìgbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kó tó oṣù mẹ́ta kó tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ó wá ku ọpọlọ. Ó ń fún pọ̀, bíi 5 nínú 100 ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá lẹ́yìn 40. Ìyára ló ń kọ́kọ́ lọ. Ìyá tó ń ta ata á pẹ́ díẹ̀ kó tó ka ṣéńjì, á sì ní kí ẹ má bá òun sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Orúkọ ẹni tó mọ̀ dáadáa á wà lẹ́nu tí kò ní jáde, á wá jáde nígbà tí onítọ̀hún ti lọ. Ṣùgbọ́n òwe, ọ̀rọ̀, ìdájọ́, bí wọ́n ṣe ń parí ìjà, ìyẹn ń dúró di 70 ó lé, àwọn mìíràn ń pọ̀ sí i. Oorun náà ń yí padà: èyí tó jinlẹ̀ ń dín, àgbà ń tètè sùn, ń tètè jí. Ti ọjọ́ orí nìyẹn.

Ẹni tó gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, kò sí wàhálà. Ẹni tó mú un dání tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, ó di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ìyá tó ti se ẹ̀gúsí fún àádọ́ta ọdún tí kò mọ èyí tó ń kọ́kọ́ wọ inú ìkòkò mọ́, tó bi yín ní ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín wákàtí kan, tí kò mọ ọ̀nà ilé, a máa ń ní ó ti ń ṣarán. Dementia ni àwọn dókítà ń pè é, àrùn ni. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá níbí. Láti ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Àbájáde tó jáde ní 2001 fi hàn pé Alzheimer, oríṣi dementia tó wọ́pọ̀ jù, ń mú nǹkan bí 1.15 nínú 100 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 2.52 lọ́hùn-ún. Àwọn tó ti lé ní 65 ni wọ́n wò níhà méjèèjì. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí nìkan ló ń fà á, kí ló dé tí tiwọn fi ju ìlọ́po méjì tiwa lọ? Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, etí tí kò gbọ́ràn tí a kò tọ́jú, ọtí, sìgá, dídá wà, gbogbo wọn ló ń fi kún ewu náà, gbogbo wọn la sì lè ṣe nǹkan sí.

Mo ní láti sọ eléyìí láìfi bò. Arúgbó tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń jáde rìn lóru, tó ń fẹ̀sùn kan ìyàwó ọmọ pé ó jí owó òun, tó ń sọ pé òun rí òkú, àwọn kan ṣì ń pè é ní àjẹ́ láàárín wa. Àmì àrùn ni gbogbo rẹ̀. Ó fi owó pamọ́, ó gbàgbé, ọpọlọ rẹ̀ wá olè tó jí i. Ẹ gbàdúrà fún un, kò burú. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má fi ebi pa á kó tó "jẹ́wọ́", ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án. Èèyàn tó bímọ fún yín ni.

Nǹkan méjì ń fara jọ dementia tí wọn kì í ṣe òun. Àkọ́kọ́ ni kí orí ṣàdédé dàrú láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ méjì: lánàá ó mọ gbogbo yín, lónìí ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń sùn, ó ń jí. Ibà, àkóràn inú ìtọ̀, òtútù àyà, àìmu omi, ṣúgà tó já wálẹ̀ tàbí oògùn tuntun ló sábà máa ń fà á, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ yẹn kan náà. Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe láàárín àwọn tó ti lé ní 65 ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, tó fi mọ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, rí i pé nǹkan bí 7 nínú 100 ló ti ní in láàárín ọdún kan. Àgbàlagbà wa kì í sọ pé òun banú jẹ́. Á ní ara ń ro òun, orí ń gbóná, oúnjẹ kò wọ̀, nǹkan kan ń rìn lára òun. Ọkọ tàbí aya ti kú, ẹgbẹ́ ti tú ká, kò ṣe ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn mọ́. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ìtọ́jú ni kó gbà, ó sì ń gbà á sàn.

Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn dementia nílé, kó má bá a jiyàn. Bó bá ní òun fẹ́ lọ bá ìyá òun tó ti kú tipẹ́, ẹ má sọ ikú náà fún un lákọ̀tun, ẹ bi í pé, "Kí ni Ìyá máa ń sè fún yín?" Ohun kan ni kí ẹ ní kó ṣe lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ dìde." Kó dìde tán, kí ẹ tó sọ pé, "Ẹ wọ bàtà." Kí àkókò wíwẹ̀ àti jíjẹ má yí padà. Ẹ tètè tan iná ní ìrọ̀lẹ́, torí ìgbà yẹn ni orí ń dàrú jù. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sórí aṣọ tó máa ń wọ̀ jù, ẹ fi àgádágodo sí géètì, kì í ṣe sí ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Kí ẹ sì pín iṣẹ́ náà láàárín ọmọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà nílé kò lè gbé e dá.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ síléèwòsàn, yálà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ẹ mú náílọ́ọ̀nù oògùn yẹn dání, awò ojú rẹ̀, àti ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ ríru sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó dé lójijì tàbí díẹ̀díẹ̀, ìgbà mélòó ló ti ṣubú láti ọdún kan, bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń rù. Ẹ béèrè kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ṣúgà, àìtó ẹ̀jẹ̀, fítámì B12 àti tairọ́ìdì tó wà lọ́rùn, torí ohun tí ìwọ̀nyí ń ṣe fún ọpọlọ ṣeé tún ṣe. Kí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ gan-an bá a lọ, kì í ṣe ọmọ tó dé láti Èkó lánàá, nítorí dókítà á bi yín léèrè ohun tó lè dá ṣe ní ọdún tó kọjá tí kò lè dá ṣe mọ́ lọ́dún yìí.